Obìnrin Ò Tán ní Ọdún 49

Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni ká fi ṣáájú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ áàpù ìlera kan fún wa. Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwia la máa ń pinnu ìbéèrè tí fọ́ọ̀mù máa bi èèyàn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ̀ wá, ẹ ò sì lè rí wa bú. Nígbà tó kan ibi tí obìnrin ti máa yan ọjọ́ orí rẹ̀, a tò ó wẹ́rẹ́: 15 sí 19, 20 sí 24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 45 sí 49. Ó parí síbẹ̀. A dán an wò, ó ṣiṣẹ́, wọ́n san owó wa. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan, gbogbo wa la kàwé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè pé ẹni tó bá ti pé 50 ńkọ́.

Ìyá wa ló béèrè. A lọ kí wọn ní Ṣakí, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun tí ọmọ àwọn ń ṣe tó fi ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n fi ìka yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀. "Èmi dà níbí?" Ẹni ọdún 53 ni wọ́n nígbà náà. A rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n kàn tẹ 45 sí 49, kò sí wàhálà. Wọ́n wò wá títí. "Ṣé kí n purọ́ ni?"

Ẹ má rò pé àwa la dá ìṣirò yẹn sílẹ̀. Ibi tí gbogbo ayé ti ń mú un la ti mú un: ìwádìí ńlá tí Nàìjíríà máa ń ṣe lórí iye èèyàn àti ìlera, tí wọ́n ń pè ní NDHS. Obìnrin láti ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò níbẹ̀. Ó ní ìdí, torí pé ọ̀rọ̀ oyún, ọmọ bíbí àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wá. A gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ti ń wọ ètò ìjọba, láti inú ètò ìjọba ló ti ń wọ ọ̀rọ̀ owó, láti ibi owó ló ti ń wọ áàpù, áàpù á wá máa sọ fún ìyá oníyàá pé kò sí. Nínú iṣẹ́ tiwa, tí àyè kan bá ṣófo nínú àkójọ, null la máa ń pè é. Null kì í ṣe òdo o. Òdo ṣì jẹ́ iye kan. Null ni pé ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ béèrè.

Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa jà lé lórí nìyẹn. Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀, a máa dé bẹ̀. Àmọ́ àwa ọmọ tí a ti lé lógún, tí a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwa gan-an là ń kó àwọn ìyá wa sínú null, ìfẹ́ la sì fi ń ṣe é.

Ìyá wa ń ta èlùbọ́. Ẹni tó bá mọ Ṣakí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ iṣu tó yẹ, kó bó o, kó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ hó jù, kó jẹ́ kó sùn sínú omi náà mọ́jú, kó tó wá sá a. Àpáta pọ̀ ní Òkè-Ògùn, Ọlọ́run ti bá wa tẹ́ ibi ìsáǹkan sílẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ náà dùn jù, tí atẹ́gùn gbígbẹ bá ti ń fẹ́, gbodo á gbẹ kokooko. Etí ni ìyá wa fi ń mọ èyí tó gbẹ dénú: wọ́n á mú ẹyọ méjì, wọ́n á fi kan ara wọn, wọ́n á gbọ́ bó ṣe dún. Oníbàárà ń ti Ìbàdàn wá, wọ́n ń ti Èkó wá. Àwìn wà níbẹ̀, àjọ wà níbẹ̀, ìwé ò sí. Orí wọn ni dátábéèsì, a ò sì rí dátábéèsì tó yára tó o.

Ọdún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bímọ ní Ìkòròdú. A ránṣẹ́ sí ìyá wa. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: a ò béèrè, a ránṣẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta la pè é, ó di oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, ìsọ̀ wọn ti di ti ẹlòmíràn, àwọn oníbàárà Èkó ti rí ibòmíràn, àwọn tó jẹ wọ́n lówó sì ti "gbàgbé". Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún wọn. Aṣọ méjì la rà.

Tí èèyàn bá sì fẹnu kàn án, òwe kan náà ni wọ́n máa fi pa á lẹ́nu mọ́: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ tún òwe yẹn gbọ́ dáadáa. Níbo ni àgbà wà? Ọjà! Ọjà ni ẹni tó pa òwe yìí bá àgbà, nídìí ohun tó ń tà. Orí ọmọ wọ́ lójú rẹ̀, ó bá wọn tún un ṣe, ó padà sídìí igbá rẹ̀. Kò síbì kankan tí òwe náà ti ní kí ẹ ti ìsọ̀ àgbà pa, kí ẹ sì fi ọkọ̀ kó o lọ sí Ìkòròdú.

A ò sọ pé kí ìyá má gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ o. Ayọ̀ ni, ìyá wa gan-an á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹ ò lè máa gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, kí ẹ wá máa fi fóònù ìṣẹ́jú kan pa ìṣòwò ọgbọ̀n ọdún.

Ní Ìkòròdú yẹn ni nǹkan oṣù wọn ń dá lọ. A ò mọ̀. Wọn ò sọ, àwa náà ò béèrè, torí kí lọmọ ń béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ìyá? Ohun tí a rí ni pé wọ́n ń làágùn lóru, aṣọ wọn á rin gbindin. A ní ibà ni. A ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lò ó, nítorí pé ọmọ ló rà á. Oorun ò kùn wọ́n mọ́. Tó bá ti di nǹkan bí aago méjì òru, ooru á sáré láti àyà wọn dé orí, wọ́n á dìde, wọ́n á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á lọ dúró lágbàlá kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lára.

Àwọn ayálégbé tó kù nínú ilé náà ń rí wọn. Obìnrin àgbà, ìró nìkan mọ́ àyà, nínú òkùnkùn, lóru ọ̀gànjọ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ kan wá ṣàìsàn nínú ilé yẹn. Ẹ ti mọ ìyókù.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. (Ọmọ náà ò kú o. Ibà gidi ló ṣe é, ó gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì yá.) Níbi ìṣọ́ òru kan, ẹnì kan ríran rí "ìyá àgbà kan tó ń dúró lẹ́yìn ilé". Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti wá bá ẹ̀gbọ́n wa pé á dáa kí màmá máa lọ sílé, kí ọ̀rọ̀ má di ariwo. Èyí tó ń dùn wá jù wà nínú ilé tiwa: ẹnì kan wà nínú àwa ọmọ tó ṣiyèméjì. Fún ọjọ́ méjì gbáko. A ò ní sọ ẹni tó jẹ́. A ní dìgírì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kọ́ wa pé bí nǹkan méjì bá ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, ìyẹn ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. A gba máàkì lórí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, máàkì ò dáhùn.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ṣakí ló là á yé wa, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dá. Tí oṣù méjìlá bá ti kọjá láìrí i, tí kì í ṣe oyún, tí kì í ṣe àìsàn tàbí oògùn ló fà á, ó ti dá nìyẹn. Ibi tí ẹyin ti ń wá ló dẹ́kun iṣẹ́, ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó ń pè ní estrogen wá dín kù, apá ibi tó ń ṣètò ooru ara nínú ọpọlọ á sì máa ṣi ìṣirò ṣe. Ara á rò pé òun ń gbóná nígbà tí kò gbóná. Òógùn dé, oorun sá, inú lè máa bí èèyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, eegun pẹ̀lú lè bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Kì í ṣe àrùn. Ìtọ́jú wà fún ẹni tó bá ń ni lára. Ẹ wá ka ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí bí ẹni ń ka kóòdù: ẹyin dẹ́kun, ooru dé, oorun lọ, obìnrin jáde lóru, aládùúgbò rí i, ọmọ ṣàìsàn, àjẹ́. Mélòó nínú àwọn "àjẹ́" àdúgbò yín ló jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló ń wá?

Kò bẹ̀rẹ̀ lórí tiwa. Ní ìparí ọdún 1950, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àtíngà ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí wá, ó la Dàhòmì kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Yorùbá láti ìwọ̀ oòrùn, ní agbègbè Ẹ̀gbádò àti Mẹ́kọ. Títú àṣírí àjẹ́ niṣẹ́ wọn. Peter Morton-Williams, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956. Obìnrin ni wọ́n ń nàka sí, àwọn àgbà obìnrin pàápàá. Ẹni tí wọ́n bá nàka sí á jẹ́wọ́, á sanwó, wọ́n á sì "wẹ̀ ẹ́ mọ́". Ní 1951 ni ìjọba fòfin dè é. Andrew Apter tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà náà so ó pọ̀ mọ́ owó kòkó tó ń wọlé nígbà yẹn àti ipò àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ẹ rí i pé ọjà náà la tún dé. Obìnrin tó ti bímọ tán, tó ní owó ọwọ́ rẹ̀, tí kò dúró de ọkọ mọ́, òun ni ìka ń yá sí.

Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé agbègbè Kétu àti Mẹ́kọ yẹn kan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbilẹ̀. Ọkùnrin á gbé agọ̀ wọ̀, á jó fún àwọn ìyá wa, fún agbára àgbà obìnrin. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ó sì wọ ìwé wọn ní 2008. Ìlú tó ń jó fún ìyá ló tún lé ìyá kiri. Àwọn kan á ní ìtakora ni. Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kan náà ni, ọ̀kan wọ aṣọ ijó, ọ̀kan ò wọṣọ. Ìyá wa ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni jó fún òun, wọn ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wẹ̀ wọ́n mọ́. Fáànù ni wọ́n fẹ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òfin: abala 210 nínú Criminal Code Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn, tàbí tó ń halẹ̀ láti fi kàn án, ti ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Òfin náà ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí yín nígbà tí wọ́n bá tún gbé fídíò "ẹyẹ tó di ìyá arúgbó" síbẹ̀.

Àwọn kan á sì ní ayé àtijọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojúbọ tí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ dé, ẹni tí tirẹ̀ ti dá lè wọ ibẹ̀, kó sì jókòó. Ipò ni, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n lórúkọ fún un. Ṣùgbọ́n John àti Pat Caldwell, tí wọ́n ṣe ìwádìí nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ pátápátá nígbà tí wọ́n bá ti di ìyá àgbà, torí ìtìjú ni kí ìyá àti ọmọ jọ máa lóyún. Àwọn kan á ti sọ pé ọpẹ́ ni, ara tù mí. Àwọn kan ńkọ́, tó ṣì wù? Níbẹ̀ náà, àṣà ló dáhùn fún wọn. A ò fẹ́ padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ká tún sọ díẹ̀, torí Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn kún fún mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀sìn méjèèjì sì lè wà nínú ilé kan. Bíbélì sọ ọ́ gbangba nínú Jẹ́nẹ́sísì pé nǹkan oṣù Sárà ti dá. Kùránì náà, nínú Sūrah Aṭ-Ṭalāq, dárúkọ obìnrin tí kò retí nǹkan oṣù mọ́, ó sì ṣòfin fún un bí ó ti ṣe fún àwọn yòókù. Ìwé méjèèjì ò tijú. Àwa tí à ń kà wọ́n là ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ. Nínú ìtàn Sárà, ibi iṣẹ́ ìyanu nìkan làwọn kan máa ń mú, wọ́n á máa fi dá obìnrin ọdún 52 lójú pé ilé ọmọ rẹ̀ máa ṣí, bí ẹni pé àwọn ọdún tó kù ò níye lórí àfi tí ọmọ bá tún tibẹ̀ jáde.

Ibẹ̀ ni àwọn alágbo ti rí ọjà tà. Àgbo "tó ń dá nǹkan oṣù padà". Àwọn obìnrin kan gbà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń gbá jọ sínú ni, pé ó lè di àìsàn. Irọ́ ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbá jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún ìyá yín, kẹ́ ẹ tiẹ̀ fò gbogbo ìyókù: tó bá ti dá fún ọdún kan, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, èwe kọ́ ló padà dé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ, tí wọ́n bá sì tètè rí i, ó ṣeé tọ́jú.

Èdè wa gan-an ní ẹjọ́ láti rò. "Arúgbó ṣoge rí." Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn, "rí", òun là ń bá jà. Ta ló sọ pé ó ti tán? Ẹ lọ wo sinimá wa, kí ẹ ka ipò tí wọ́n ń fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta: àjẹ́, ìyá ọkọ burúkú, ìyá tó ń sunkún lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ẹyọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, wọ́n sì pa òun náà ní 1874. Obìnrin tó ní oko, tó ń tajà jìnnà, tó ń yá àwọn jagunjagun ní ohun ìjà. Látìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ eré rẹ̀, ìkà rẹ̀ nìkan ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó ṣèkà, a gbà. Àwọn ọkùnrin tó pa á ńkọ́, ṣé oyin ni wọ́n ń lá?

Tí ẹ bá fẹ́ sáyẹ́ǹsì, ẹranko tí abo rẹ̀ ń dẹ́kun bíbí tó sì tún ń gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún ò pọ̀: èèyàn, àti àwọn ẹja àbùùbùtán kan. Ìwádìí tí Rebecca Sear àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2000 láti àwọn abúlé kan ní Gáńbíà fi hàn pé ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ bá wà láàyè kì í tètè kú. Àwọn ọdún yẹn wúlò, ara ló yan wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. (A mọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń múra láti fi ìyẹn pe ìyá yín wá tọ́ ọmọ. Ẹ rọra.)

Owó ló kù. Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn àgbà tó ti pé 65 ní 2011, nígbà ìjọba Fáyẹmí. Ìjọba yí padà, owó náà dáwọ́ dúró. Ètò tó so mọ́ orí gómìnà kan ò ní gbé ìyá ẹnikẹ́ni dé ọgọ́rin ọdún. PenCom gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kalẹ̀ ní 2019, èèyàn lè máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ohun tí a ṣe nìyí, ẹ lè ṣe tiyín yàtọ̀: a jókòó, a ṣírò oṣù mẹ́rìnlá yẹn ní iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń bá ni tọ́mọ l'Ékòó, a pín in láàárín àwa ọmọ mẹ́ta, a sì ń san án lóṣooṣù sínú ètò yẹn lórúkọ wọn. Ìyá wa kọ́kọ́ bínú. Wọ́n ní ṣé àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè iye tó ti wọlé.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tún bímọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a béèrè. Ìyá wa ní àwọn máa wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, a sì máa sanwó ọmọbìnrin tó máa jókòó ti ìsọ̀ tuntun wọn ní Ṣakí. Wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ méjì dání. Nígbà tí ooru dé lóru ọjọ́ kejì, wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú, ti ẹ̀yìn kọ́, wọ́n tan iná, wọ́n sì kí ayálégbé tó ń kọjá lọ: "Ẹ kú òru o. Nǹkan oṣù mi ló dá, ooru rẹ̀ ni mò ń fẹ́." Ìyàwó ẹni náà padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni ọdún 48.

Ní ọjà wọn báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di àwàdà. Tí òógùn bá ti bo ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù á ní "Kábíyèsí dé", wọ́n á bá a gbé abẹ̀bẹ̀.

A ti tún fọ́ọ̀mù yẹn ṣe. Ó gba ìpàdé méjì, oníbàárà fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ó ń lọ sókè títí kọjá 90 báyìí. A gbé e fún ìyá wa lórí àpáta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yí i títí wọ́n fi rí 55 sí 59, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá fóònù padà, wọ́n ní ká wá bá àwọn yí gbodo, oòrùn ti ń lọ.